Ìdágbére: Ta Ni Ó Ni Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Ó Kù?

Bí ènìyàn bá fara balẹ̀ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń dágbére, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń dá ọjọ́ ìpàdé mìíràn. 'Ó dàbọ̀' kò ju 'ó di àbọ̀' lọ. 'Ó dàárọ̀' ni 'ó di àárọ̀'. 'Ó dọ̀la' ni 'ó di ọ̀la'. Ẹni tí ó dìde nínú ilé láti lọ ra iyọ̀ ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé kì í sọ pé òun ń lọ. 'Mò ń bọ̀' ni ó máa ń wí, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì ti kọjá ẹnu ọ̀nà kí ó tó sọ ọ́ tán. Ó máa ń ya àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè lẹ́nu pé ẹni tí ó kẹ́yìn sí òun ní òun ń bọ̀. Ọmọ Yorùbá mọ̀ pé kò sí irọ́ níbẹ̀. Lílọ ni ojú rí, bíbọ̀ ni ọkàn ń sọ.

Ṣùgbọ́n kí ni kí ẹni tí ó mọ̀ pé òun kò ní í bọ̀ lọ́la wí, ẹni tí kò ní í bọ̀ lọ́dún yìí, tí ó sì ṣeé ṣe kí ó má bọ̀ títí ọdún mẹ́wàá? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti gírámà. Ti ìwà ni, ó sì ń bá ọ̀pọ̀ ìdílé fínra ní àkókò yìí tí àwọn ọ̀dọ́ ti wá orúkọ fún ìrìn àjò àlọrámirámi sí òkè òkun, tí wọ́n ń pè é ní 'jápa'. Ta ni ó ni ọjọ́ díẹ̀ tí ó kù fún ẹni tí ó ń kó kúrò ní ìlú? Ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ ni, tí ó yẹ kí wọ́n rí ìlú wọn kí wọ́n tó fi í sílẹ̀? Ṣé àwọn àgbà ni, tí kò dájú pé yóò tún bá láyé? Tàbí òun fúnra rẹ̀ ni, tí yóò ru ẹrù ìrántí náà níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò bá a sọ̀ ọ́?

Kí a mú ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí ó pọ̀ ní Ìkòròdú lóde òní. Ọkọ jẹ́ olùkọ́, ìyàwó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin wọn jẹ́ ọmọ ọdún méje, èyí ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni bàálù yóò gbé wọn. Wọ́n ti ta fìríìjì, wọ́n ti ta ibùsùn, orí ẹní ni gbogbo wọn ń sùn. Àpótí mẹ́rin dúró sí ìdí ògiri, wọ́n sì ti gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé òṣùwọ̀n kí ó má baà ju kílò 23 lọ. Ó ku Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú.

Bàbá ti to ètò tirẹ̀ sínú ìwé. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọn yóò wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, wọn yóò gba orí ọ̀sà dé Èkó, kí àwọn ọmọ lè rí bí ìlú ṣe ń yọ láti inú omi. Wọn yóò lọ sí ilé tí a kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní Oníkan, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, wọn yóò sì yà sí ilé John Randle tí ó wà nítòsí rẹ̀, níbi tí a pa ìtàn àti àṣà Yorùbá jọ sí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta wà fún ọgbà igbó ní Lẹ́kkí, níbi tí wọ́n ti fi okùn so afárá kan mọ́ orí igi, tí ó gùn ní mítà 401, tí ọ̀bọ sì ń rìn fàlàlà nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, wọn yóò dé Ìgànmú láti wo gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá tí ìjọba kọ́ nítorí FESTAC ọdún 1977. Lẹ́yìn náà etíkun, lẹ́yìn náà áásìkiriìmù, lẹ́yìn náà ilé.

Ìyá pẹ̀lú ti to tirẹ̀, ṣùgbọ́n inú orí ni ó tò ó sí. Ìyá àgbà rẹ̀, ìyá tí ó bí ìyá rẹ̀, wà ní Ẹ̀pẹ́, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún; ẹja ni ó tà títí apá rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ni àwọn ọmọ ń pè é. Àbúrò bàbá ọkọ wà ní Ìmọ̀tà. Ìyá kan wà ní ojúlé kejì tí ó ń bá wọn gbé àwọn ọmọ sùn ní gbogbo òru tí nọ́ọ̀sì bá wà lẹ́nu iṣẹ́, tí kò sì gba kọ́bọ̀ rí. Olórí àjọ wà. Olùkọ́ wà, ẹni tí ó kọ́ ọmọ ọdún méje náà bí a ti í di pẹ́ńsù mú. Bí a bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní wákàtí méjì péré, tí a sì ka sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ mọ́ ọn, ọjọ́ mẹ́ta ti tán.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kékeré wo ètò bàbá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń dàgbà ní Ìkòròdú tí kò mọ Èkó ju orúkọ lọ. Òfin ti sọ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ di ara Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 1967, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìkòròdú láti ré kọjá sí Erékùṣù ṣì máa ń sọ pé òun ń lọ sí Èkó, bí ẹni pé ìlú òkèèrè ni. Ará Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ń wí bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá dé Ìlú Ọba, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ní kíláàsì bi wọ́n níbi tí wọ́n ti wá, 'Lagos' ni wọn yóò dáhùn. Kí ni yóò wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà nínú ọkàn wọn? Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, àwòrán tí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ àjèjì bá fi hàn wọ́n ni yóò gba àyè náà. Bàbá fẹ́ fi omi ọ̀sà, ère idẹ àti igi ńlá síbẹ̀ kí ẹlòmíràn tó fi ohun tí ó wù ú síbẹ̀. Èrò olùkọ́ nìyẹn, ó sì gún régé.

Ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ fi ta kò ó ni ti ọmọ ọdún mẹ́rin. Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ti ṣàkíyèsí pé àgbàlagbà kì í sábà rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i kí ó tó pé ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọmọkùnrin náà yóò gun afárá Lẹ́kkí, yóò kígbe, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì gbàgbé. Nítorí náà, àwọn kan yóò wí pé àwọn òbí ń ṣe é fún ara wọn ni, kí wọ́n lè ní àwòrán nínú fóònù, kí wọ́n sì máa fi í hàn án nígbà tí ó bá dàgbà bí ẹni ń fi ìwé ẹ̀rí hàn ní kóòtù.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ báyìí gbọ́dọ̀ wá sọ tẹnu rẹ̀ lórí oríkì. Ìyá Yorùbá ń ki ọmọ jòjòló nígbà tí ó bá ń wẹ̀ ẹ́, nígbà tí ó bá ń fi òrí pa á lára, nígbà tí ó bá pọ̀n ọ́n. Ọmọ náà kò gbọ́ èdè. Kò ní í rántí òwúrọ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo òwúrọ̀ wọ̀nyẹn. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó sọ rí pé ìyá náà ń fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, nítorí nígbà tí ọmọ náà bá di géńdé, tí ẹnì kan pe oríkì rẹ̀ lójijì, orí rẹ̀ yóò wú, kò sì ní í mọ ìgbà tí ó kọ́ ọ láti máa wú. Ohun tí a gbàgbé lè ti wọ ara ẹni. Nítorí náà, àìrántí nìkan kò tó láti fi dá bàbá lẹ́bi. Ibi tí àfiwé yìí ti yà ni pé ojoojúmọ́ ni a ń ki ọmọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo kò rí bẹ́ẹ̀, pàápàá ọjọ́ tí a fún ibi mẹ́rin mọ́. Ẹni tí ó bá ti kó ọmọ jáde ní Ìkòròdú ní kùtùkùtù, tí ó sì gba Mile 12 padà ní alẹ́, mọ̀ pé orí èjìká ni ọmọ ti ń wo ìdajì ìlú, ojú rẹ̀ a sì ti pa dé. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ ọdún méje náà gbàgbé gbogbo ère Oníkan pátápátá, kí ó sì rántí òórùn ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ fún un nínú ọkọ̀ ojú omi kí ó má baà rì. Òbí kì í yan ohun tí ọmọ yóò rántí.

Àwọn tí ó gbè lẹ́yìn ìyá ní àwíjàre tí ó rọrùn láti lóye: ère kì í kú, ìyá àgbà ń kú. Ilé tí ó wà ní Oníkan yóò wà níbẹ̀ bí àwọn ọmọ bá padà wá ní ọmọ ogún ọdún; Ìyá Ẹ̀pẹ́ kò ní í sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lójú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ Èkó kò ní í tètè fọwọ́ sí i pé ibi a máa dúró de ènìyàn. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, etíkun Bar Beach ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń kó ọmọ lọ nígbà Àjíǹde àti Kérésìmesì. Lónìí, ilẹ̀ tuntun tí wọ́n fi iyanrìn gbà lọ́wọ́ òkun, tí wọ́n sọ ní Eko Atlantic, ni ó dúró síwájú ibẹ̀. Òbí tí ó bá ní òun yóò fi ibi tí òun ti ṣeré han ọmọ òun yóò fi ọwọ́ júwe lásán. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ náà wó Maroko, níbi tí àwọn ènìyàn tí a fojú bù sí 300,000 ń gbé. Ìkìlọ̀ ọjọ́ méje ni wọ́n fún wọn. Kò sí ìdílé kan nínú wọn tí ó rí àyè jókòó láti jiyàn bóyá ọjọ́ méje náà jẹ́ ti ọmọ tàbí ti àgbà. Ti páànù òrùlé àti ìkòkò ni. Kí a má gbàgbé èyí nígbà tí a bá ń wo tọkọtaya Ìkòròdú: bí ọkàn wọn ti wúwo tó nì, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi mú ọjọ́ tí wọn yóò lọ.

Ìwádìí kan wà tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Láti àárín àwọn ọdún 1950 ni àjọ LEDB, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tún Èkó ṣe, ti bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé ní àárín Erékùṣù, wọ́n sì ń kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí ilé tuntun ní Súrùlérè. Peter Marris, onímọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, lọ bá àwọn ìdílé náà sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961. Ilé Súrùlérè dára ju ti àtijọ́ lọ, àyè wà níbẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti ń rìn lọ kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lójoojúmọ́ wá rí i pé owó ọkọ̀ ni àwọn yóò máa san kí àwọn tó rí wọn, ẹsẹ̀ sì dín. Ìrànlọ́wọ́ tí ń lọ tí ń bọ̀ láàárín ẹbí dín pẹ̀lú. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń tajà pàdánù àwọn oníbàárà tí ó ti mọ̀ wọ́n. Kò sì jìn. Máìlì díẹ̀ ni Súrùlérè sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí máìlì díẹ̀ bá lè dín ẹsẹ̀ ẹbí kù tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tan ara rẹ̀ nípa òkun.

Ohun tí ó hàn nínú ọ̀rọ̀ Súrùlérè ni pé ìlú tí ènìyàn ń fi sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń lọ wò. Ìyá ojúlé kejì ni ìlú, ẹni tí a lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó kó irú rẹ̀ sí. Ní ti èyí, ẹ̀rí wà lọ́dọ̀ ìyá ju bàbá lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù kò tíì hàn. Ọ̀pọ̀ ìdílé kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ń lọ. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ni àwọn àgbà ní ó ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Físà lè má jáde. Wọ́n lè dá ènìyàn padà ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹni tí ó ti dágbére fún gbogbo àdúgbò, tí ó sì tún jí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, yóò máa fi ojú pamọ́. Àwọn tí ó gbà gbọ́ pé elénìní wà, tí wọ́n sì pọ̀, ń bẹ̀rù ohun tí ó ju ìtìjú lọ. Àwọn mìíràn mọ̀ pé bí ìròyìn náà bá ti tàn, owó tí kò tó wọ́n ná ni gbogbo ènìyàn yóò máa yá lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, wọn a dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀rẹ́ yóò tó rí wọn nínú fóònù, nínú òtútù, pẹ̀lú aṣọ tí ó nípọn lọ́rùn. Ní ti ẹni tí ó ti kó àjọ tirẹ̀ tán, tí ó sì fò lọ kí ó tó dá ti àwọn yòókù, kò sí ìjiyàn kankan lórí rẹ̀. Olè ni, ohun tó wù kó fi ṣe ìbòjú.

Àpẹẹrẹ tí ó ní ìjiyàn nínú ni ti Ìyá Ẹ̀pẹ́. Tọkọtaya náà fi ohùn ṣọ̀kan níkẹyìn: wọ́n fi Lẹ́kkí sílẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà Ìtòìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn ọmọ rí ọjà ẹja lẹ́bàá ọ̀sà. Bàbá tilẹ̀ rí àyè sọ ìtàn Erédò Sùngbọ́ fún wọn, yàrà ńlá tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí kìlómítà 160, tí ìtàn àtẹnudẹ́nu ní opó ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ ni ó gbẹ́ ẹ kí ayé má baà gbàgbé òun. Wọ́n gbé búrẹ́dì, mílíìkì àti owó tí ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún ìyá àgbà. Nígbà tí ó di pé wọ́n fẹ́ lọ, ìyá àgbà gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣọ́ wọn lọ́nà Ìkòròdú, ó sì béèrè ọjọ́ tí wọn yóò tún wá, kí òun lè tọ́jú ẹja sílẹ̀ dè wọ́n. 'Ó dàbọ̀, Ìyá,' ni ìyàwó wí. 'A ó máa bọ̀.'

Ṣé irọ́ ni? Bí a bá fi òṣùwọ̀n gírámà wọ̀n ọ́n, kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ó di àbọ̀ nítòótọ́, wọn yóò sì bọ̀ bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà tí ó jẹ́ ìtùnú lẹ́nu ẹni tí ó ti jẹ́wọ́ ìrìn àjò rẹ̀ di ìbòjú lẹ́nu ẹni tí ó fi í pamọ́. Àwọn kan yóò wí pé àánú ni ó fa á: ìyá náà ti dàgbà, ẹkún kò dára fún un. Ó yẹ kí a wádìí àánú yìí dáadáa. Ta ni ó ń ṣàánú? Obìnrin tí ó ti sin ọkọ, tí ó ti sin ọmọ, kò ṣàì lè gbọ́ pé ọmọ-ọmọ òun ń lọ sí Ìlú Ọba. Ẹni tí kò lè fara da ẹkún náà lè jẹ́ ẹni tí yóò wò ó. Ohun tí wọ́n sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìwúre àgbà nílò ìmọ̀. Ó wúre fún wọn lórí ọ̀nà Ìkòròdú, nígbà tí ó jẹ́ pé ojú òfuurufú ni wọ́n ń lọ. Wọn kò fún un láyè láti kìlọ̀, láti bínú, láti fi ohun kan rán ọmọ ọdún méje, láti wo ọmọ ọdún mẹ́rin bí a ti í wo ohun tí a kò ní í rí mọ́. Fífi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọ̀gá ilé iṣẹ́ títí físà yóò fi jáde jẹ́ ọgbọ́n. Fífi í pamọ́ fún un ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí físà ti wà nínú ìwé ìrìnnà tí bàálù sì ku ọjọ́ méjì, kò ní orúkọ yẹn.

Ọmọ ọdún méje wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un nínú ọkọ̀ pé kò gbọdọ̀ sọ. Nígbà tí Ìyá Ẹ̀pẹ́ béèrè ọjọ́ tí wọn yóò wá, ọmọ náà ya ẹnu, ìyá rẹ̀ sì wò ó. Bàbá ti ń wá ohun tí ọmọ yóò gbé lọ sí òkè òkun nínú ọkàn rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, ó sì ná owó lé e. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìwò yẹn ni yóò gbé lọ.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta náà pa pọ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń bọ̀ wá kàwé ní ilẹ̀ wọn pé kí wọ́n má mú ọkọ tàbí aya tàbí ọmọ dání. Nígbà tí ó di ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún náà, wọ́n fi ti àwọn tí ń tọ́jú arúgbó àti aláìlera kún un. Òfin náà kò kan nọ́ọ̀sì, èyí sì ni ó jẹ́ kí ìdílé Ìkòròdú tí a ń sọ lè lọ lódidi. Ní àwọn ilé mìíràn, títí di ọdún 2025, ìyá nìkan ni ó máa ń lọ tọ́jú ìyá àgbà ẹlòmíràn, ọjọ́ mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn ọmọ tí ó ń fi sílẹ̀. Lọ́dọ̀ irú obìnrin bẹ́ẹ̀, àríyànjiyàn bóyá Lẹ́kkí ni tàbí Ẹ̀pẹ́ yóò dà bí eré ọmọdé.

Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀ mọ̀ nípa àwọn tí wọ́n kúrò ní Èkó láìdágbére. Ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Ọba Kòsọ́kọ́ sì sá kúrò níbẹ̀, wọ́n sì gbé Akíntóyè padà sórí oyè. Awùjalẹ̀ gbà á láyè, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Òṣòdì Tápà wà lára wọn. Kò sí ẹni tí ó rí àyè kí aládùúgbò. Ẹni tí ó ní ìyá arúgbó ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí kò lè gbé e sínú ọkọ̀ ní òru, fi í sílẹ̀ ni. Ọdún mẹ́wàá kọjá. Ní ọdún 1854, Gẹ̀ẹ́sì bá Kòsọ́kọ́ ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́; ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́; ní ọdún 1862, wọ́n gbà kí Kòsọ́kọ́ padà wálé, Èkó ni ó sì kú sí ní ọdún 1872. 'Ó dàbọ̀' tí wọn kò ráyè sọ wá ṣẹ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ì bá gbọ́ ọ ti wọ ilẹ̀.

Nígbà náà ni ọ̀ràn kejì yọjú, èyí tí àwọn tí ń sọ ìtàn ogun kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lé lórí. Àwọn tí wọ́n ti fẹ́ ìyàwó ní Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, tí wọ́n ti mọ ibi tí ẹja wà nínú ọ̀sà, ni a ní kí wọ́n máa padà lọ sí ilé tí àwọn ọmọ wọn kò mọ̀. Àwọn kan bá Òṣòdì Tápà lọ. Ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí ní Erékùṣù ni a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní, orúkọ tí ó ti ta létí gbogbo Nàìjíríà láti ìgbà tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ níbẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1994. Ní Èkó tí wọ́n ti wá, Ẹ̀pẹ́ ni orúkọ wọn wá di. Àwọn kan kò lọ. Àwọn wọ̀nyẹn ni Èkó Ẹ̀pẹ́, tí a fi yà wọ́n sọ́tọ̀ sí Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Ní Ẹ̀pẹ́, Èkó ni orúkọ tiwọn.

Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn Iléyá ọdọọdún ni àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ ń ṣe ọdún Káyó-káyó, àwọn ọmọ wọn a sì máa wálé láti ibi gbogbo wá jẹ, wá mu. Ìrántí ọjọ́ tí Kòsọ́kọ́ àti àwọn baba wọn gúnlẹ̀ ní ọdún 1851 ni. Ọjọ́ tí wọ́n kúrò ní Èkó kò ní ọdún kankan. Ìdílé Ìkòròdú náà pẹ̀lú, láti ọjọ́ tí wọ́n bá gúnlẹ̀ ní Ìlú Ọba ni wọn yóò ti máa ka ọdún tiwọn. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ yóò ti máa ka tirẹ̀, ẹja tí ó yan sílẹ̀ dè wọ́n a sì wà lókè àjà.